Olè tó wà níta àti ẹni tó wà nínú ilé: ohun tí Bíbélì sọ nípa ààbò ìdílé

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Olè fọ́ ilé tó múlé tì wá lóru, wọ́n sì na baálé ilé náà níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi ò sùn dáadáa mọ́. Ó ní ká pààrọ̀ ilẹ̀kùn, ká fi irin sí fèrèsé. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún alàgbà kan nínú ìjọ wa, ó ka Sáàmù 127 sí mi létí, ó ní àìnígbàgbọ́ ló ń dà wá láàmú. Ṣé òótọ́ ni? Bí olè bá sì wọlé tọ̀ wá wá, ṣé Ọlọ́run fún mi láyè láti bá a jà nítorí ìyàwó àti ọmọ mi, àbí kí n yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sí i? Ìyàwó mi ní kí n fi èyí kún un: àbúrò mi ọkùnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 kì í sì í fẹ́ ká fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nílé láwọn nìkan. Èmi rò pé ìwà ọmọdé lásán ni."

Arákùnrin mi, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. N óò dáhùn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú pé ọ̀rọ̀ tí ìyàwó yín ní kí ẹ fi kún un ló gbé mi dìde jókòó. Òun ni n óò pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ẹ̀yin fúnra yín béèrè.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún alàgbà yín, Sáàmù 127 kò sọ ohun tí wọ́n ní ó sọ. Ẹsẹ kìíní ní bí Olúwa kò bá kọ́ ilé, asán ni iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ ọ, bí kò bá sì pa ìlú mọ́, olùṣọ́ jí lásán. Kò ní kí olùṣọ́ lọ sùn. Bí Olúwa ṣe ń kọ́ ilé náà, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹni tí Sáàmù yẹn ń bá wí ni ẹni tó rò pé ọgbọ́n orí òun nìkan tó. Ẹ wo Nehemáyà orí 4, nígbà tí àwọn Júù ń tún odi Jerúsálẹ́mù mọ, tí àwọn ọ̀tá wọn, Sáńbálátì àti Tòbáyà, sì ń dìtẹ̀ láti kọlu ìlú náà. Ẹsẹ 9 ní wọ́n gbàdúrà sí Ọlọ́run, wọ́n sì yan ìṣọ́ tọ̀sán tòru. Nínú gbólóhùn kan náà ni àdúrà àti ìṣọ́ wà. Nehemáyà to àwọn ènìyàn sí ẹ̀yìn odi níbi tó rẹlẹ̀, ní ìdílé-ìdílé, pẹ̀lú idà, ọ̀kọ̀ àti ọrun, ó ní kí wọ́n rántí Olúwa, kí wọ́n sì jà fún àwọn arákùnrin wọn, ọmọkùnrin wọn, ọmọbìnrin wọn, aya wọn àti ilé wọn. Àwọn tó ń ru ẹrù fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́, wọ́n fi ọwọ́ kejì di ohun ìjà mú. Odi náà parí ní ọjọ́ 52, a kò sì kà á níbì kankan pé wọ́n ta ọfà ẹyọ kan. Àwọn ọ̀tá gbọ́ pé wọ́n ti múra sílẹ̀, Nehemáyà sì gbà pé Ọlọ́run ló sọ ète wọn di asán.

Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ ilẹ̀kùn náà. Bí alàgbà bá tún bi yín, ẹ ka Diutarónómì 22:8 fún wọn. Ẹsẹ yẹn pàṣẹ pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ má bàa wá sórí ilé náà. Òrùlé ilé wọn nígbà náà tẹ́jú, wọ́n sì ń lò ó: orí rẹ̀ ni Ráhábù kó pòròpórò ọ̀gbọ̀ sí, orí rẹ̀ ni Pétérù ti ń gbàdúrà ní Jópà. Ẹni tó bá sì fi etí òrùlé rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ odi sí i, Ọlọ́run ka ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ṣubú sí i lọ́rùn, ì báà gbàdúrà títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo fẹ́ràn ẹsẹ yìí gan-an. Kò sí akọni kankan nínú rẹ̀, bóyá ìyẹn ló fà á tí a kì í fi í wàásù. Baálé ilé kan ni, tó ń to bíríkì sí etí òrùlé nítorí ọmọ tí kò tíì ṣubú.

Ọ̀rọ̀ ìjà wá kàn. Ẹ́kísódù 22, ẹsẹ 2 àti 3, sọ̀rọ̀ nípa ọ̀ràn yín gan-an. Bí wọ́n bá ká olè mọ́ ibi tó ti ń fọ́ ilé, tí wọ́n lù ú tó sì kú, kò sí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ẹni tó lù ú. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ, ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ wà. Ẹ dúró díẹ̀ lórí ìyàtọ̀ yẹn. Nínú òkùnkùn, baálé ilé kò mọ ẹni tó wọlé, kò mọ̀ bóyá ẹrù ló wá kó tàbí ẹ̀mí ló wá gbà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ríran, ó lè ké, aládùúgbò á gbọ́, olè náà yóò sì san ohun tó jí padà. Òfin kan náà ló gbèjà onílé, tó sì tún gbèjà ẹ̀mí olè. Ẹni tó fi agbára dí ẹni tó ń bọ̀ wá pa ìyàwó rẹ̀ lọ́nà kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó ti mú olè, tó ti dè é mọ́lẹ̀, tó wá ń lù ú títí ẹ̀mí fi bọ́, apànìyàn ni, kódà bí gbogbo àdúgbò bá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ sì wádìí ohun tí òfin ilẹ̀ tí ẹ ń gbé sọ lórí rẹ̀ kí ọjọ́ ìpọ́njú tó dé. Róòmù 13:4 pe aláṣẹ ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí kò gbé idà lásán, nítorí náà ẹni tó pe ọlọ́pàá ti gbèjà ilé rẹ̀ bí Kristẹni.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì ńkọ́? Mátíù 5:39 dárúkọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Bí ẹni tó dojú kọ mí bá fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbá mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi gbá mi. Ìwọ̀sí nìyẹn, kò wá pa mí. Jésù ní kí n gbé ìwọ̀sí tí wọ́n fi kàn mí mì, kí n má gbẹ̀san. Kò fún mi láṣẹ láti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wo òun fúnra rẹ̀ nínú ọgbà ní òru tí wọ́n mú un, ní Jòhánù orí 18. Àwọn ọmọ-ogun dé tàwọn ti fìtílà, ògùṣọ̀ àti ohun ìjà. Ó jáde lọ bá wọn, ó ní bí òun ni wọ́n ń wá, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí máa lọ. Ó yọ̀ǹda ara tirẹ̀, ó sì dúró sáàárín ewu àti àwọn tí Baba fi lé e lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú ààbò wo ni kí baba kọ́, èyí ni n óò tọ́ka sí. N kò ní tọ́ka sí Síméónì àti Léfì, tí wọ́n pa gbogbo ọkùnrin ìlú kan nítorí Dínà àbúrò wọn, tí bàbá wọn sì gégùn-ún fún ìbínú wọn nígbà tó ń kú lọ.

Àwọn kan á ní Jésù sọ pé kí wọ́n ta aṣọ kí wọ́n fi ra idà. Ó wà níbẹ̀, Lúùkù 22:36. Idà méjì ni wọ́n mú jáde, ó ní ó tó, ní òru kan náà ó sì dá Pétérù lẹ́kun. N kò ní kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá kan lé e lórí. Sísá pẹ̀lú jẹ́ ààbò. Jósẹ́fù kò dúró de Hẹ́rọ́dù lẹ́nu ọ̀nà. Ó dìde lóru, ó mú ọmọ náà àti ìyá rẹ̀, ó gba Íjíbítì lọ. Bí olè bá wọlé tí ọ̀nà ẹ̀yìn sì ṣí sílẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀.

Ìdáhùn sí ti olè nìyẹn. Ẹ má ṣe pa Nehemáyà dé ní òpin orí 4. Orí 5 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe ńlá àwọn ènìyàn àti aya wọn, ẹni tí wọ́n sì ń ké mọ́ ni àwọn Júù arákùnrin wọn. Wọ́n ti fi oko wọn dógò, wọ́n ti ń fi ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin wọn ṣẹrú, ẹlẹ́jẹ̀ wọn ló sì ń kó wọn lẹ́rú. Odi ń ga láti dènà ọ̀tá, àwọn ọmọ sì ń ṣòfò lẹ́yìn odi. Mo ti ka Bíbélì fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ìbéèrè ààbò ìdílé lọ́kàn, ohun tí mo sì rí ni pé ó sọ̀rọ̀ olè ní ṣókí, ṣùgbọ́n kò mọ bí yóò ṣe dákẹ́ lórí ewu tó ń jẹun pẹ̀lú wa lórí tábìlì kan náà.

Ẹ wo Dáfídì lẹ́ẹ̀mejì. Ní Sámúẹ́lì Kìíní orí 30, ó dé Síkílágì, ó bá a pé àwọn ará Ámálékì ti sun ìlú náà, wọ́n sì ti kó ìyàwó àti ọmọ gbogbo wọn lọ. Wọ́n sunkún títí agbára ẹkún fi tán. Dáfídì béèrè lọ́wọ́ Olúwa, ó gbéra pẹ̀lú 600 ọkùnrin. Ó rẹ 200 nínú wọn débi pé wọn kò lè ré odò Bésórì kọjá. Àwọn 400 tó kù bá a lọ, wọ́n jà láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n gba gbogbo ènìyàn wọn padà, ọmọdé kan kò sọnù. Ìtàn tí à ń wàásù rẹ̀ fún àwọn baba nìyẹn.

Ẹ wá ṣí Sámúẹ́lì Kejì orí 13. Ámúnónì, àkọ́bí Dáfídì, ní èròkérò sí Támárì, àbúrò rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá. Jónádábù, ọmọ ẹ̀gbọ́n Dáfídì, kọ́ ọ bí yóò ṣe díbọ́n bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bàbá wá kí i. Ó bẹ bàbá pé kó jẹ́ kí Támárì wá ṣe oúnjẹ fún òun. Ẹsẹ 7 ni kò jẹ́ kí n sinmi: Dáfídì fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà pé kó lọ. Ọmọ náà po ìyẹ̀fun, ó ṣe àkàrà lójú rẹ̀. Ámúnónì ní kí gbogbo ènìyàn jáde. Ọmọ náà kọ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó sọ ìtìjú tó máa bá òun, kò gbọ́. Ó fi ipá bá a lò. Nígbà tó ṣe tán ó kórìíra rẹ̀, ó ní kí ìránṣẹ́ tì í síta, kó sì fi ìdè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn tó dára wà ní ilé yẹn. Ọmọ tí wọ́n hùwà ìkà sí ni wọ́n fi tì síta, oníkà wà nínú.

Támárì da eérú sórí, ó fa aṣọ aláràbarà rẹ̀ ya, ó gbé ọwọ́ lérí, ó ń ké lọ. Ábúsálómù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ní kó dákẹ́, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Ámúnónì, kó má fi ọ̀ràn náà sọ́kàn. Dáfídì gbọ́. Ẹsẹ 21 ní inú bí i gidigidi, kò sì sọ ohunkóhun mìíràn tó ṣe. Kò pe Ámúnónì, kò dá ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ òun ni ọba àti adájọ́. A kò kà á pé ó tilẹ̀ wo ojú Támárì. Ẹni tó lé Ámálékì ré odò kọjá kò lè ré ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ọdún méjì gbáko, Ábúsálómù pa Ámúnónì níbi ìrẹ́run àgùntàn, bí ìdájọ́ tí bàbá kò dá ṣe di ìpànìyàn nìyẹn, tó sì di ogun lẹ́yìn náà. Mo gbà pé ohun tó dè é lọ́wọ́ kò ṣòro láti mọ̀: Ámálékì kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ sì ni Ámúnónì.

Arákùnrin mi, n kò sọ pé àbúrò yín ti ṣe nǹkan kan. N kò mọ̀ ọ́n, ìwà ọmọdé sì lè jẹ́ ìwà ọmọdé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka Ẹ́kísódù 21, ẹsẹ 28 àti 29. Bí màlúù bá kan ènìyàn pa lójijì, olówó rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Bí ó bá ti ń kàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀ tí kò sé e mọ́lé, ẹ̀bi di tirẹ̀. N kò fi àbúrò yín wé màlúù; olówó màlúù ni mo ń wò. Ohun tó wọn ẹ̀bi rẹ̀ ni pé wọ́n ti sọ fún un. Ọmọ yín ti sọ fún yín, ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ ọdún 11 mọ̀. Ìyàwó yín tún un sọ. Èmi náà ti wá sọ ọ́.

Nítorí náà, láti òní lọ, ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nílé láwọn nìkan mọ́, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ fi lọ ra nǹkan. Ẹ kò nílò ẹ̀rí kankan kí ẹ tó ṣe èyí, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sí ọmọ yín. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 23 fi bí a ṣe ń ṣe é hàn, ẹni tó sì ṣe é kì í ṣe onígbàgbọ́. Àwọn ọkùnrin tó lé ní 40 ti búra pé àwọn kò ní jẹ, àwọn kò ní mu, títí àwọn yóò fi pa Pọ́ọ̀lù. Ọmọ arábìnrin Pọ́ọ̀lù gbọ́, wọ́n mú un tọ Kíláúdíù Lísíà, ọ̀gágun Róòmù, lọ. Ọ̀gágun náà dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á sí apá kan, ó bi í ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ni ohun tó ní láti sọ fún òun. Kò jágbe mọ́ ọn, kò ní irọ́ ló ń pa, kò ní ta ni ìwọ ọmọdé. Ó gbọ́ tán, ó gbà á gbọ́, ní alẹ́ ọjọ́ náà ó sì kó 200 ọmọ-ogun, 70 ẹlẹ́ṣin àti 200 ọlọ́kọ̀ jọ láti mú Pọ́ọ̀lù kúrò ní ìlú. Ọmọ kan sọ̀rọ̀, 470 ọkùnrin gbéra.

Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín wà níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ òun nìkan bí ọmọ náà bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni kò jẹ́ kó fẹ́ wà nílé pẹ̀lú bàbá kékeré, kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe jẹ́ kó rí ìbínú lójú yín, torí yóò rò pé òun lẹ ń bínú sí. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ sọ fún un pé ìgbàkígbà tó bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ óò gbọ́, ẹ kò sì ní bá a wí. Módékáì kò fi ọ̀rọ̀ ọmọ tó tọ́ dàgbà mọ sí ẹ̀ẹ̀kan: lójoojúmọ́ ló ń rìn níwájú àgbàlá ilé àwọn obìnrin kó lè mọ bí Ẹ́sítà ṣe wà.

Bí ó bá sọ ohun tí ẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, àti pé kò jẹ̀bi. Diutarónómì 22:26 sọ nípa ọmọbìnrin tí wọ́n fi ipá bá lò pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan dìde sí ọmọnìkejì rẹ̀ tó sì pa á ni ọ̀ràn náà rí. Ẹ má fi ọwọ́ kan àbúrò yín, Ábúsálómù ti dán ìyẹn wò. Kó kúrò nínú ilé lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá tàbí àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba yàn fún ààbò ọmọdé létí, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà bi í ní ìbéèrè tó kù.

Ẹ̀yin á ní ẹbí ńkọ́. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti máa dùn yín jù. Tìmótì Kìíní 5:8 ní ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn tirẹ̀, pàápàá fún àwọn ará ilé rẹ̀, ó ti sẹ́ ìgbàgbọ́, àbúrò yín sì jẹ́ tiyín. Nítorí náà, kódà bí ọmọ kò bá sọ nǹkan kan, tí àìbalẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò sì lọ, ẹ wá ibòmíràn fún àbúrò yín, ẹ bá a san owó rẹ̀ bí agbára yín bá ká a. Ẹ lè fẹ́ràn rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń sùn sí ilé yín. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ bá sì fi Mátíù 18:15 bẹ̀ yín pé kí ọmọ lọ bá a sọ ọ́ láàárín àwọn méjèèjì, ẹ ka ẹsẹ 6 nínú orí kan náà fún un, níbi tí Jésù ti ní ó sàn kí a so ọlọ mọ́ ọrùn ẹni tó bá mú ọ̀kan nínú àwọn kékeré wọ̀nyí kọsẹ̀, kí a sì rì í sínú òkun. Ìdáríjì lè dé nígbà tó bá tọ́. Kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ ilé yín.

Ẹ sì bá mi kí ìyàwó yín. Òun ló rí i ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ lálẹ́ òní pé ẹ ti gbọ́, kí ẹ jọ jókòó, kí ẹ pinnu ẹni tí yóò máa wà nílé nígbà tí ọmọ bá dé láti ilé ìwé.